Ta Ni Yóò Di Aago Mú? Òbí, Kóòṣì àti Adájọ́ Létí Púùlù ní Woolwich àti Thamesmead

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Òtútù mú níta, ṣùgbọ́n inú ilé tí púùlù wà gbóná bí ilé ìdáná. Òórùn oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn òbí jókòó lókè, wọ́n ń wo àwọn ọmọ wọn nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kan, ọ̀kan nínú ìbejì tí àwọn òbí wọn ń gbé ní Thamesmead, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdíje mítà 50. Òun ló kọ́kọ́ dé. Ìyá rẹ̀ fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì. Kò pẹ́, ohùn kan jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: wọ́n ti yọ ọmọ tó wà ní ọ̀nà kẹrin kúrò nínú ìdíje náà. Ọmọ wọn ni.

Bàbá rẹ̀ dìde. "Kí ni ọmọ mi jí?" Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá adájọ́ tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ni ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Ta ló ní ẹ̀tọ́ láti yọ ọmọ náà? Ta ló lè béèrè ìdí rẹ̀? Kí ló sì yẹ kí bàbá náà ṣe? Àwọn ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ máa nílò

Ẹ kọ́kọ́ kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ mélòó kan. Yorùbá ya wíwẹ̀ sọ́tọ̀ sí lílúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ara rẹ̀ ń wẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ la omi kọjá ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ dáadáa ni òmùwẹ̀. Nínú ìwé, ẹ lè rí odò ìlúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n púùlù ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí. Kóòṣì ni ẹni tó ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdíje. Adájọ́ ni ẹni tó ń wò bóyá wọ́n tẹ̀lé òfin. Rẹfirí ni olórí àwọn adájọ́.

Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà lúwẹ̀ẹ́ nínú ìdíje. Nínú àkọ́kọ́, òmùwẹ̀ ń fi ẹ̀yìn lé omi, ó sì kọ ojú sókè. Nínú èkejì, ó ń ta ẹsẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. A ó máa pè é ní ìlúwẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀kẹta ni labalábá, níbi tí ọwọ́ méjèèjì ti ń fò jáde nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹrin ni fíríisítáìlì, níbi tí òmùwẹ̀ ti lè lúwẹ̀ẹ́ bó ṣe wù ú.

Omi yí wọn ká

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ fi ṣe pàtàkì ní àdúgbò yìí? Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ náà. Etí odò Thames ni Woolwich wà. Láti 1889 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé ènìyàn kọjá níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Orí ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ Thamesmead sí, àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ sì kó wọlé ní 1968. Nítorí pé omi máa ń kún ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, wọ́n gbẹ́ àwọn adágún àti ipadò sáàárín ilé. Southmere, Birchmere àti Thamesmere wà lára àwọn adágún náà. Ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Thamesmead lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ní àárọ̀, kí ó sì tún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní agbègbè yìí. Bí ẹ bá rìn ní ọjà Woolwich tàbí ní ojú pópó Plumstead, ẹ máa gbọ́ Yorùbá, ẹ sì máa rí iṣu, èlùbọ́ àti ata rodo lórí àtẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ló mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Waterfront Leisure Centre ní Woolwich àti ní Thamesmere Leisure Centre ní Thamesmead. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n rárá. Ní 2020, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Black Swimming Association sílẹ̀ ní Britain. Ìṣirò Sport England tí wọ́n ń tọ́ka sí nígbà náà ni pé àwọn adúláwọ̀ àgbàlagbà 95 nínú 100 ni kì í lúwẹ̀ẹ́ ní England, àti àwọn ọmọdé adúláwọ̀ 80 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ní England sọ pé kí ọmọ tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 25, kí ó sì mọ bí a ṣe ń gba ara ẹni là nínú omi.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ láti lúwẹ̀ẹ́. Irọ́ ni. Àwọn Ìlàjẹ létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ń gbé pẹ̀lú omi láti ìgbà èwe wọn. Ní Mákòókò ní Èkó, ọmọdé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tu ọkọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ òbí tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù dàgbà ní ìlú tí kò sí púùlù fún gbogbo ènìyàn, tí àwọn àgbà sì ń kìlọ̀ pé, "Ẹ má lọ sódò o!" Ìkìlọ̀ náà dára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá gbé ìbẹ̀rù yẹn dé Thamesmead, níbi tí adágún wà lẹ́nu ọ̀nà, ìbẹ̀rù nìkan kò lè gba ọmọ là. Yorùbá ní, "Omi ò lọ́tàá." Òótọ́ ni, nítorí kò sí ẹni tí kò nílò omi. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un.

Báwo ni ìdíje ṣe rí?

Bí ẹ bá ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, ẹ lè ti gbọ́ nípa ìdíje ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Níbẹ̀, púùlù àdúgbò kan máa ń bá púùlù àdúgbò mìíràn díje nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní ìsinmi, lábẹ́ oòrùn, tí àwọn òbí á sì máa ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní England, ó yàtọ̀. Ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ ló ń ṣètò nǹkan, wọ́n sì ń ṣe é yíká ọdún. Ìdíje ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Arena League máa ń wáyé ní oṣù kẹwàá, oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá, nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀. Ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà pẹ̀lú. Láti 1977 ni London Youth Games ti ń mú àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù jáde láti ṣojú ìjọba ìbílẹ̀ wọn nínú oríṣiríṣi eré ìdárayá, ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà lára wọn. Nítorí pé ààlà ìjọba ìbílẹ̀ la Thamesmead já, ọmọ kan lè ṣojú Greenwich, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní ìsọdá kejì sì ṣojú Bexley.

Ohun kan jọra ní Amẹ́ríkà àti ní England: láìsí òbí, ìdíje kò lè wáyé. Kì í ṣe owó nìkan ni òbí ń san. Òbí ló ń ka àkókò, òbí ló ń tò àwọn ọmọdé sí ìlà, òbí ló sì pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́. Ẹnikẹ́ni kì í san owó iṣẹ́ fún wọn.

Iṣẹ́ adájọ́

Ní ọjọ́ ìdíje, ẹ máa rí àwọn àgbàlagbà tó wọ aṣọ funfun létí púùlù. Àwọn tó ń ka àkókò dúró ní ìkángun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ kan ń wo bí ọmọ ṣe ń yí padà lára ògiri. Àwọn mìíràn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, wọ́n ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Rẹfirí a fọn fèrè kúkúrú léraléra kí àwọn ọmọ lè múra. Lẹ́yìn náà, á fọn fèrè gígùn kan kí wọ́n lè gun orí pẹpẹ. Nígbà náà ni yóò na ọwọ́ rẹ̀ síta láti fi hàn pé ó ti fa ìdíje lé ẹni tó ń rán wọn lọ lọ́wọ́. Gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́.

Òfin wọn kò le láti yé ni. Nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ àti labalábá, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà ìyípadà àti nígbà ìparí. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi kan ògiri ìparí. Ẹni tó bá bẹ́ sínú omi kí wọ́n tó rán an lọ ti pàdánù ìdíje náà.

Bí adájọ́ bá rí àṣìṣe, á gbé ọwọ́ sókè, á kọ ohun tó rí sílẹ̀, á sì gbé e lọ fún rẹfirí. Rẹfirí á bi í pé: Kí lo rí? Níbo lo dúró sí? Òfin wo ni ọmọ náà rú? Bí ìdáhùn kò bá dán mọ́rán, rẹfirí kò ní gbà á wọlé. Bí iyèméjì bá wà, ti òmùwẹ̀ ni. Ẹ rántí òwe Yorùbá tó sọ pé, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ohun tí òwe yìí ń sọ nípa ẹjọ́ láàárín ilé ni òfin púùlù náà ń lépa: rẹfirí gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ adájọ́ kí ó tó gba ẹ̀sùn rẹ̀ wọlé.

Bí ẹgbẹ́ kan bá ní àríwísí ńkọ́? Kóòṣì tàbí olórí ẹgbẹ́ ọmọ náà ló ń lọ bá rẹfirí. Òbí kì í lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìfẹ́ ọmọ máa ń bo ojú ẹni, bí gbogbo òbí bá sì sọ̀ kalẹ̀ wá, ìdíje kò ní parí títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Iṣẹ́ kóòṣì

Kóòṣì kì í ṣe olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe òbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ní England, ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ kí ó tó ṣiṣẹ́, ìjọba sì gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀ bóyá ó ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kan tí kò yẹ kó jẹ́ kó súnmọ́ ọmọdé. Swim England, àjọ tó ń bójú tó ìlúwẹ̀ẹ́, ní ìwé ìlànà ààbò ọmọdé kan tó ń jẹ́ Wavepower. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tún gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tí ọmọ tàbí òbí lè lọ bá bí nǹkan kò bá lọ déédéé.

Àwọn nǹkan kan máa ń ya òbí Yorùbá lẹ́nu níbí. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Àwọn ọmọ máa ń pe kóòṣì ní orúkọ rẹ̀ gan-an, láìfi nǹkan kan ṣáájú. Lójú ìyá tó tọ́ ọmọ rẹ̀ láti máa kúnlẹ̀ kí àgbà, ìwà àfojúdi ni. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa gbọ́ tí àwọn ọmọ kan ń pe kóòṣì wọn ní "Ọ́ńkù" tàbí "Àǹtí". Èkejì ni ojú. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í wo ojú àgbà tó ń bá a wí. Kóòṣì tí kò mọ àṣà náà lè rò pé ọmọ kò fetí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pàṣán. Òbí kan lè sọ fún kóòṣì pé, "Bí kò bá gbọ́ràn, ẹ bá mi nà án dáadáa, sà." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún olùkọ́ nílé nìyẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé, "Mo fọkàn tán yín." Ṣùgbọ́n ní England, kóòṣì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ láti fìyà jẹ ẹ́.

Kí ẹ má rò pé àṣà òyìnbó ti yanjú gbogbo ìṣòro o. Ní 2024, Swim England gbé ìròyìn kan jáde lórí ohun tí àwọn tó wà nínú eré náà sọ fún wọn. Ó hàn níbẹ̀ pé ìbẹ̀rù wà nínú eré náà, àti pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan láti sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Kò dìgbà tí wọ́n bá na ọmọ kí ọgbẹ́ tó dé ọkàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Kóòṣì tó bá mọ ìwọ̀n ọwọ́ méjèèjì ni ọmọ kì í sá fún.

Ní àga òbí

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá tó ti dìde. Kí ó tó dé ìsàlẹ̀, ó pàdé ìyá kan tó wọ aṣọ funfun, tó gòkè wá ra tíì ní àkókò ìsinmi. Ẹ ka ọ̀rọ̀ wọn:

— Ẹ káalẹ́, mà. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi ló ṣe ipò kìíní, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

— Ẹ káalẹ́, Bàbá Ìbejì. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìlúwẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ ni, àbí?

— Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

— Níbi ìyípadà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ṣáájú kan ògiri. Ọwọ́ méjèèjì ló yẹ kó kàn án pọ̀.

— Nítorí ìyẹn nìkan?

— Nítorí ìyẹn nìkan. Ọmọ tèmi náà ṣe é lọ́dún tó kọjá. Èmi gan-an ni mo gbé ọwọ́ sókè.

— Háà! Ẹ̀yin fúnra yín?

— Bí mi ò bá gbé e sókè fún ọmọ tèmi, kí ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí? Ẹ lọ bá ọmọ yín. Ẹ má bi í léèrè ìdí lálẹ́ yìí. Kóòṣì á sọ fún un. Ẹ bi í bóyá ebi ń pa á.

Ẹ kíyè sí i pé "ẹ" ni àwọn méjèèjì ń lò fún ara wọn, láìka ẹni tó jù lọ sí. Ẹ tún kíyè sí i pé ìyá náà kò pe bàbá ní orúkọ. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi pè é. Bó ṣe bu ọlá fún un yẹn ló jẹ́ kí ó lè sọ òótọ́ fún un.

Ẹ má dá bàbá náà lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru kí ó lè san owó ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ kò ní ṣàì bínú. Ìbéèrè kan tún wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò sọ jáde: ṣé nítorí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ ọ́? Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2021. Ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Soul Cap, tí Michael Chapman àti Toks Ahmed-Salawudeen dá sílẹ̀, ṣe fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ fún irun tó pọ̀ tàbí tí wọ́n di. Ṣáájú ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo, FINA, àjọ àgbáyé tó ń jẹ́ World Aquatics báyìí, kọ̀ fún wọn láti lò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn. Ní Tokyo náà ni Alice Dearing, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Black Swimming Association sílẹ̀, ti di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Britain ní Òlíńpíìkì. Ní 2022, àjọ náà yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n fọwọ́ sí fìlà náà.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, adájọ́ lè ṣe àṣìṣe, kódà èyí tó wà lókè pátápátá. Ìkejì, àwọn tó mọ òfin, tí wọ́n kọ̀wé, tí wọ́n sì tẹra mọ́ ọn ni wọ́n yí i padà. Bàbá tó bá ń pariwo láti òkè lè tu ara rẹ̀ nínú fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọmọ, ibi tó kọ́kọ́ ń wò ni àga àwọn òbí. Ohun tó bá rí lójú wọn ló máa ń sọ fún un bóyá kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọmọ kan bá sì fi púùlù sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, adágún Thamesmead ṣì wà níbẹ̀.

Ta ni yóò di aago mú?

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọlé wa wà lọ́wọ́ àwọn òbí fúnra wọn. Kò dìgbà tí ènìyàn bá mọ ìlúwẹ̀ẹ́ kí ó tó di ẹni tó ń ka àkókò. Ẹgbẹ́ á kọ́ ọ, á dúró ti ẹni tó mọṣẹ́ ní ìdíje mélòó kan, wọ́n á sì wo bóyá aago rẹ̀ péye. Lẹ́yìn náà, bó bá wù ú, ó lè kọ́ iṣẹ́ adájọ́, ó sì lè di rẹfirí lọ́jọ́ iwájú. Bí àwọn òbí Yorùbá bá pọ̀ létí omi nínú aṣọ funfun, ìbéèrè tí bàbá náà kò lè sọ jáde á ní ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ ní èdè tó yé e. Àwọn kóòṣì náà á sì ní ẹni tí wọ́n lè bi léèrè pé kí ló dé tí ọmọ yìí kì í wo ojú mi.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "wẹ̀" àti "lúwẹ̀ẹ́"? Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn kan.
2. Àṣìṣe wo ni ọmọbìnrin náà ṣe, ta ló sì ní ẹ̀tọ́ láti bá rẹfirí sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀?
3. Kí ni òbí tó sọ pé "ẹ bá mi nà án" fẹ́ kí kóòṣì mọ̀? Báwo ni ìwọ yóò ṣe dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀?
4. Kí ló dé tí ìyá tó wọ aṣọ funfun fi sọ ìtàn ọmọ tirẹ̀ fún Bàbá Ìbejì?
5. Ní ìlú tìrẹ, ta ló ń ṣe adájọ́ nínú eré ìdárayá àwọn ọmọdé? Kọ ìpínrọ̀ kan nípa rẹ̀.